Ebè Páìnì Àdùfẹ́

"Àdùfẹ́, ebè ẹ ti wá dà bíi yàrá yín!" Ejiro bú sẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí àwọn ọmọ igi tó há mọ́ra wọn. "Àbẹ́gì, tu díẹ̀ níbẹ̀."

"Ṣé inú ń bí ẹ pé tèmi pọ̀ ju tìẹ lọ ni?" Àdùfẹ́ dá a lóhùn, ó sì tún bu omi sí wọn.

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà ni. Ọ̀gbẹ́ni Gregory, tíṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ wọn ní Ajégúnlẹ̀, ló pín irúgbìn páìnì fún kíláàsì, igi tí wọ́n fi ń kan àpótí ẹrù tó ń bá ọkọ̀ òkun wọ Àpápá. Ẹni tí igi rẹ̀ bá lágbára jù ni ọ̀gá kan láti Ìbàdàn yóò mú lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ igbó. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì yẹn ni Àdùfẹ́ ń lá lálàá.

Yàrá kan ni wọ́n ń gbé. Bàbá rẹ̀, Yínúsà, ń ru ẹrù ní wáàfù Àpápá, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti Ìsẹ́yìn wá wáṣẹ́, yóò tẹ́ ẹní fún un. Wọn kì í lé ẹnikẹ́ni. Bí ẹnì kan bá fẹ́ yíra padà, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ yí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, apá ẹlòmíràn ni Àdùfẹ́ máa ń bá lọ́rùn ara rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí tíṣà ní kí wọ́n tu èyí tó pọ̀ jù, kí wọ́n tún un gbìn sínú agolo mílíìkì, ọkàn rẹ̀ kò gbé e. Wọ́n ti hù. Èwo ni yóò lé?

Lákọ̀ọ́kọ́, ebè tirẹ̀ ló tutù yọ̀yọ̀ jù. Nígbà tó yá, ewé ìsàlẹ̀ ń pọ́n, igi ń ga, ó sì ń tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀.

"Omi kọ́ ni ìṣòro wọn, Àdùfẹ́," ni tíṣà wí. "Àyè àti ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń jà sí."

"Mo ti gbọ́, sà." Ṣùgbọ́n kò tu ẹyọ kan.

Ọ̀gá Ìbàdàn dé. Ó fa ọ̀kan tu nínú ti Ejiro: igi rẹ̀ ki, gbòǹgbò rẹ̀ pọ̀. Ó fa ti Àdùfẹ́, àwọn mìíràn bá a jáde, gbòǹgbò wọn ti lọ́ mọ́ra. Èyí tó ṣẹ́kù létí ihò náà rọra wó lulẹ̀.

"Ara wọn ni wọ́n fara tì," ni ọkùnrin náà wí. Ó yíjú sí Ejiro. "Kí lorúkọ rẹ?"

Nírọ̀lẹ́, Àdùfẹ́ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbin èyí tó kù sínú agolo lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá rẹ̀ ti wáàfù dé.

"O wá ń lé wọn jáde báyìí?"

"Mi ò lé wọn, Bàbá. Àyè ni mò ń fún wọn. Ó kàn ti pẹ́ jù ni."

Yínúsà wo inú yàrá níbi tí Àṣírù, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti níṣẹ́ lọ́wọ́ tipẹ́, nà gbalaja sí. Ó wọlé lọ bá a.

"Àṣírù, dìde, ọmọ mi. Jẹ́ ká lọ wá yàrá tìẹ ní ìhà Málù Róòdù."

Ejiro ló gba bẹ́ẹ̀dì Ìbàdàn. Ohun tí Àdùfẹ́ kò tètè rí ni pé fífún ẹnì kan láyè kì í ṣe lílé e dànù. Híhá tí wọ́n há mọ́ra ló ba igi rẹ̀ jẹ́. Ẹní ló ṣì ń sùn lé. Ṣùgbọ́n ní báyìí, ó lè yíra padà láìjí ẹnikẹ́ni.