Fi Táyà Oníṣó Sí I Nítorí Mi

Eegun ọwọ́ Zulkifli ni mo kọ́kọ́ rí kí n tó wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ibi tí wọ́n ti ń ya X-ray ni mo ti ń ṣiṣẹ́, bí wíńtà bá sì ti dé Chicago, àwọn tó yọ̀ ṣubú kì í jẹ́ ká sinmi. Orí kẹ̀kẹ́ lòun ti ṣubú. Ó ka orúkọ mi, Muminat, lára aṣọ iṣẹ́ mi, ló bá da Yorùbá bolẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ṣì lè gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́la?"

"Dókítà ló máa sọ ti ọwọ́. Tèmi ni pé orí yín ló yẹ kí n yà."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ọwọ́ ò kúkú kán. Lọ́sẹ̀ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó dúró dè mí níwájú mọ́sáláṣí, ó ní òun ti gbé orí dé, kí n wá yà á. Kí yìnyín tó yọ́ tán, ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára.

Tíṣà ni ládùúgbò Albany Park; Plainfield làwọn òbí rẹ̀ ń gbé. Kì í ṣe pé kò lágbára àtira mọ́tò, ó kàn fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ ni. Ó ní orí rẹ̀ lọkàn òun ti ń balẹ̀ kóun tó kojú àwọn ọmọ.

Bàámi, tó ń gbé ní Olympia Fields, ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn sétí. "Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí yìnyín! Muminat, ṣé opó lo fẹ́ dà ni?" Ó ní bí kò bá jáwọ́ nínú kẹ̀kẹ́, òun ò ní jókòó síbi yìgì wa. Mo sunkún, ojú mi wú. Mi ò lè ṣe yìgì lẹ́yìn bàbá mi, mi ò sì lè fi Zulkifli sílẹ̀.

Nígbà tí wíńtà kejì ń bọ̀, mo bẹ̀ ẹ́. "Olólùfẹ́ mi, ó kéré tán, ra táyà oníṣó." Táyà tí wọ́n kan ìṣó wẹ́wẹ́ sí lára ni, kó lè di omi dídì mú.

"Ó wúwo, adúmáradán mi. Lórí títì gbígbẹ, ariwo lásán ni. Wọ́n sì ń da iyọ̀ sí títì níbí. Ọjọ́ mélòó lomi ń dì gan-an?"

"Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun! Ọjọ́ kan yẹn ni mò ń bẹ̀rù."

Ó ní kóun fi sí ẹsẹ̀ iwájú nìkan. Mo ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó mí kanlẹ̀.

"Ó dáa. Nítorí tìẹ ni o, kì í ṣe nítorí yìnyín."

Lọ́jọ́ Sunday kan ó lọ bẹ Bàámi. Òjò ti rọ̀ lálẹ́ àná, ó sì ti dì. Mo ní kó gba takisí. Olóríkunkun gbé kẹ̀kẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin, ó gùn ún láti ibùdókọ̀ wá! Mo rí i lójú fèrèsé ilé Bàámi, mo káwọ́ lérí. Ó ti pa mí.

Bàámi ṣílẹ̀kùn, ojú rẹ̀ le koko. Zulkifli fi kẹ̀kẹ́ ti igi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí omi dídì, ó sì ń yọ̀ lọ sẹ́yìn bó ṣe wà nílẹ̀ yẹn.

"Dìde, dìde! Òtútù á pa ọ́!" Bàámi bọ́ síta pẹ̀lú sílípáàsì láti fà á dìde. Gbì! Ó fìdí jókòó.

Mo figbe ta. Zulkifli fẹ́ gbé e, ẹsẹ̀ tiẹ̀ náà yọ̀. Ló bá rá lọ fa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá, ó fún bíréèkì méjèèjì mọ́wọ́. "Ẹ di ìjókòó rẹ̀ mú, sà." Kẹ̀kẹ́ ò yẹ̀. Bàámi gbára lé e dìde, wọ́n ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, Bàámi lápá kan, òun lápá kejì.

Wọ́n dẹ́nu ọ̀nà, Bàámi ò fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fìka kan àwọn ìṣó yẹn.

"Ta ló ní kó o fi èyí sí i?"

"Muminat ni, sà. Èmi ò kọ́kọ́ fẹ́."

"O ò fẹ́, o sì fi sí i?"

"Ẹ̀rù ń bà á, sà. Mi ò fẹ́ kẹ́rù máa bà á."

Bàámi wò mí, ó wò ó. Omijé ti ń bọ́ lójú mi. "Sọ fáwọn òbí rẹ ní Plainfield kí wọ́n wá rí mi."

Inú Zulkifli dùn débi pé ó tún fẹ́ dọ̀bálẹ̀ síta níbẹ̀.

"Dúró!" Bàámi gbá a lọ́rùn aṣọ mú. "Wọlé ná. Inú ilé ni àna mi ti ń dọ̀bálẹ̀."