Ẹ Wo Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Kí Ẹ Tó Dúró De Bàbá Kérésì

Ní ilé Ray Kangas, ẹni tó bá bá hóró álímọ́ńdì kan ṣoṣo tí wọ́n fi pamọ́ pàdé nínú ìrẹsì oníwàrà ló ń yan àdúgbò tí wọn yóò kọ́kọ́ lọ wo iná Kérésì rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Kérésì bá ku ọ̀la. Lọ́dún yẹn, Tilda, ọmọ ọdún mẹ́ta, ló rí i. Wes ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, yarí.

“Ojú mi báyìí ni Mọ́mì ṣe fi í sínú abọ́ ẹ̀!”

“Irọ́ ńlá,” ni Lorna ìyá wọn dáhùn, ṣùgbọ́n àjà ilé ló ń wò.

Ní ìlú wa níhìn-ín, lápá òkè Michigan, yìnyín kì í fi wá ṣeré. Kí Kérésì tó dé, èyí tí ọkọ̀ akóyìnyín bá gbá jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ti máa ń ga ju ọmọdé lọ. Bí a bá ti wo iná kiri tán, gbogbo ìlú á lọ tò síwájú ibi ìwakùsà àtijọ́, torí ibẹ̀ ni Bàbá Kérésì ń gbà kọjá lórí ọkọ̀ akóyìnyín, tí á máa ju ọsàn sí àwọn ọmọ. Oníkálukú á fi ìdí ọkọ̀ rẹ̀ ti òkìtì yìnyín, á kọjú sí títì, kí àwọn ọmọ lè jókòó sínú ooru kí wọ́n sì máa wòran. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò sì sí ẹni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

“Bàbá Wes, sún un sẹ́yìn díẹ̀ sí i,” ni Lorna wí. “Òpó yẹn ń dí ọmọ lójú.”

Ray sún un sẹ́yìn títí ó fi gbọ́ gbì. Ó fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, ó gbé híítà sókè, ó sì bọ́ sílẹ̀ wá bá àwa tí à ń yáná tí à ń mu kọfí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Yìnyín tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gan-an.

Nínú ọkọ̀, Wes di orí mú.

“Mọ́mì, orí ń fọ́ mi.”

“Ta ló ní kó o máa pariwo látàárọ̀ nítorí hóró álímọ́ńdì?”

“Èébì tún ń gbé mi.”

“Páì mẹ́rin lo jẹ! Kí ló máa gbé ẹ, ebi?”

Orí Lorna fúnra rẹ̀ ń lù ú gbì gbì, ṣùgbọ́n àtàárọ̀ ló ti wà nídìí ààrò, ó sì kà á sí àárẹ̀. Tilda ti sùn lọ, inú ìyá rẹ̀ sì dùn pé ilé ayé parọ́rọ́. Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta lásìkò Kérésì rí kò ní í bá a wí.

Verna, ẹ̀gbọ́n Ray lóbìnrin, wà lára àwọn panápaná ìlú wa. Ó hun ìbọ̀sẹ̀ fún àwọn ọmọ, ó sì mú un wá. Ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín.

“Ìyàwó wa, ẹ kú ọdún o! Ojú yín ṣe rí báyìí? Àbí ẹ ti ń mutí láìdúró dè mí?”

“Àǹtí, orí ló ń fọ́ mi. Ó ń fọ́ Wes náà. Tilda ní tiẹ̀ ti sùn.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Verna. “Orí ń fọ́ ẹ̀yin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà?”

Ó nawọ́, ó gbọn Tilda. Ọmọ ò lajú. Ó pe orúkọ rẹ̀, ó tún gbọ̀n ọ́n. Orí ọmọ náà kàn yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Pa ẹ́ńjìnnì yẹn! Bọ́ sílẹ̀! Wes, jáde, jáde!” Ó tú bẹ́líìtì, ó gbé Tilda, ó sì sá jáde sínú atẹ́gùn, ó ń ké pé kí ẹnì kan pe áńbúláǹsì.

Ray ju ife kọfí nù. “Kí ló dé? Kí ló ṣe ọmọ mi?”

“Lọ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹ!”

Ray lọ wò ó. Sàlẹ́ńsà ọkọ̀ náà ti wọnú yìnyín pátápátá.

“Èéfín tó yẹ kó máa gba ibẹ̀ jáde, ibo lo rò pé ó ń gbà?” ni Verna bi í. “Abẹ́ ọkọ̀ ló ti ń wọlé tọ àwọn ọmọ ẹ.”

“Ṣùgbọ́n mi ò gbóòórùn kankan, Àǹtí,” ni Lorna wí. “Mo tiẹ̀ ṣí gíláàsì díẹ̀.”

“Májèlé tó wà nínú èéfín náà kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ̀, tí á gba àyè afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Gíláàsì díẹ̀ ò lè ràn yín lọ́wọ́.”

Tilda húkọ́, ó la ojú, ó sì figbe ta. Ray kúnlẹ̀ sínú yìnyín, ó gbá a mọ́ra.

“Ọpẹ́ o! Ó ti jí. Ẹ jẹ́ ká fún un ní nǹkan gbígbóná mu. Bàbá Kérésì ò ní í pẹ́ dé mọ́.”

“Bàbá Kérésì kọ́, bàbá ńlá ẹ ni! Gbogbo wọn ló ń lọ sílé ìwòsàn, ìyàwó ẹ náà ń lọ. Ọmọdé ń mí kíákíá ju àgbà lọ, ó ti fa púpọ̀ sínú. Ara rẹ̀ lè dà bí ẹni pé ó ti yá, kó má tíì yá.”

Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo àwọn ọkọ̀ yòókù. Gbogbo wọn ló fi ìdí ti yìnyín, gbogbo wọn ni ẹ́ńjìnnì wọn ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ tèmi wà láàárín wọn, àwọn ọmọ-ọmọ mi méjèèjì sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìyá wọn.

“Kí lẹ dúró ń wò mí fún? Ẹ lọ kó àwọn ọmọ yín jáde!”

N kò tíì sáré bẹ́ẹ̀ láti ìgbà èwe mi. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò rí ọwọ́ ilẹ̀kùn. Àwọn tèmi ń jà lórí ìbọ̀wọ́ ni, ara wọn le, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tó tẹ̀ lé tèmi, orí ti ń fọ́ ọmọbìnrin kan, ìyẹn náà bá áńbúláǹsì lọ. Nígbà tí Bàbá Kérésì kọjá, gbogbo ọmọ tó kù ló bá lórí ìdúró nínú òtútù.

Àwọn ọmọ Kangas padà wálé lẹ́yìn Kérésì. Dókítà sọ fún Ray pé ká ní Verna kọ́kọ́ yà bá wa tàkúrọ̀sọ níbi iná ni, Tilda ì bá má jí mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó tan ọkọ̀, ẹ fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò nídìí sàlẹ́ńsà, kí ẹ má sì fi ìdí ọkọ̀ ti òkìtì rárá. Bí yìnyín bá ń rọ̀ tí ẹ sì dúró lójú kan, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣe tan ọkọ̀ sínú gáréèjì ilé yín kó lè gbóná, bí ilẹ̀kùn tiẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó máa ń ké bí májèlé inú èéfín yìí bá wọlé, ẹ gbé e kọ́ síbi tí ẹ ń sùn. Bí orí bá ń fọ́ ju ẹnì kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí èébì ń gbé wọn tàbí oorun ń kùn wọ́n, ẹ kọ́kọ́ bọ́ síta ná, kí ẹ wá pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì wa.

Àwọn kan ṣì ń bínú sí Verna pé ó ba àṣà ìlú jẹ́. Wọ́n ní òtútù á mú ọmọ níta, á sì máa sunkún. Kó máa sunkún. Ọmọ tó ń sunkún ń mí.