Ìyá Tó Pè Ní Aládùúgbò

Ẹ sún mọ́bí jàre, ẹni tó ń dáná kó pa á ná, torí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ yìí ò ṣeé gbọ́ lábọ̀.

Ọmọbìnrin kan tó wọ bàtà funfun ni ọkùnrin télọ̀ kan rí nínú iyàrá ìdárayá kan, ó ń gbẹ́sẹ̀ sókè láàárín àwọn àgbà tó jókòó sórí àga, àwọn náà ń gbé tiwọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tí ìgbàgbé ń bá jà ló ń kọ́ ní eré ìdárayá, kí ara wọn lè máa ran ọpọlọ wọn lọ́wọ́. Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè é. Télọ̀ tó mú ìyá ẹ̀ wá kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó lanu sílẹ̀.

Tíṣà bi í pé iṣẹ́ wo ni màmá ń ṣe tẹ́lẹ̀, torí ohun tí ara bá ti mọ̀ ló fi ń kọ́ kálukú. Àmọ́ màmá ti wọ bàtà òsì sí ọ̀tún, wọ́n ń kí ògiri. Ojú ti télọ̀. Ló bá ní òun ò mọ̀, pé aládùúgbò òun lásán ni.

"Ẹ mà láàánú o, bùrọ̀dá," ni Tíṣà wí.

Bó ṣe di ìfẹ́ nìyẹn. Tíṣà ń pe télọ̀ ní Aláàánú mi, télọ̀ ń pè é ní Tíṣà mi àtàtà. Gbogbo ìgbà tó bá pè é bẹ́ẹ̀, ṣe ni ara télọ̀ máa ń bù máṣọ.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà ní kí wọ́n máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹlẹ̀, iwájú, ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í wa máṣíìnì ìránṣọ, irú èyí tí wọ́n fi kọ́ ọmọ wọn níṣẹ́. Ọwọ́ wọn ń ti aṣọ tí kò sí níbẹ̀.

"Ọmọ mi, fà á lẹ́yìn, kó má ká jọ."

Kí télọ̀ tó ronú, ọwọ́ ẹ̀ ti ń fà á. "Mo ti dì í mú, màmá mi."

Gbogbo iyàrá yíjú sí wọn. Télọ̀ ò mọ ibi tó máa fojú sí.

Tíṣà ò pariwo. "Tí èmi náà bá gbàgbé orúkọ ara mi lọ́jọ́ kan, kí lo máa pè mí? Oníbàárà ẹ?"

Nígbà tí wọ́n tún pàdé, télọ̀ kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó ní irọ́ lòun pa, ìyá tó bí òun nìyí. Màmá bi í pé ọmọ ta ni.

"Ọmọ yín ni, mà."

"Ọmọ mi kì í sunkún," ni màmá wí, wọ́n sì fi aṣọ wọn nu ojú ẹ̀.

Ó pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kí télọ̀ tó láyà láti ní kí Tíṣà fẹ́ òun.

"Màá fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa ni màmá á máa gbé, ìwọ fúnra ẹ lo sì máa fi wọ́n han àwọn èèyàn mi pé ìyá ẹ nìyí."

Télọ̀ gbà, àmọ́ ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó ń dì í lọ́wọ́ mú.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ máa fẹ́ télọ̀ yìí?