Téèpù Orin Kẹsàn-án

Àpótí téèpù náà wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n òfìfo ni.

Orin kẹsàn-án ló wà lórí téèpù tó ti sọnù náà, èyí tí ẹgbẹ́ Chapa Negra fẹ́ fi kádìí àwo orin rọ́ọ̀kì wọn. Lọ́jọ́ Ajé, dókítà yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún Evaristo, olórin wọn, lọ́nà ọ̀fun. Kò ní lè kọrin mọ́. Téèpù yẹn ló gba ohùn rẹ̀ kẹ́yìn.

Zulma, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ àdúgbò Boedo, wo sítúdíò náà yíká. Akèrègbè máte, ewé kíkorò tí wọ́n ń bu omi gbígbóná sí mu, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ téèpù. Ó fi irin ìfámu tọ́ ọ wò: ewé inú rẹ̀ ti tẹ́, kò korò mọ́. Ó mi fíláàsì ńlá: kò sí ẹ̀kán omi kan.

"Ta ló kọ́kọ́ dé?"

"Èmi ni, màmá," ni Ladislao wí. Òun ló ń ta gìtá, òun náà ló kọ orin kẹsàn-án. "Aago mẹ́sàn-án ni mo ṣílẹ̀kùn. Mo po máte tuntun, mo mu akèrègbè kan. Bí mo ṣe rí i pé téèpù ti lọ, mo pè yín."

"Mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lo pè. Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́?"

"Chela."

Chela, onílù wọn, ká apá gbera. "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ la jà lánàá. Evaristo ní mò ń lùlù bí ẹni ń pa eku. Ṣé torí ìyẹn ni màá ṣe jí ohùn ẹ̀?"

"Eku ọ̀hún ò tíì kú," ni Evaristo sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Chela fi ìbínú fẹsẹ̀ tẹ irin tó ń lu ìlù ńlá rẹ̀. Ó dún bọ̀, bí ẹni gbá tìmùtìmù. Ojú rẹ̀ le. "Ta ló fọwọ́ kan ìlù mi?"

Zulma kọjú sí Ladislao. "Ẹyọ kan lo mu?"

"Ẹyọ kan péré."

"Ewé tuntun tí a bu omi sí lẹ́ẹ̀kan á ṣì máa korò. Èyí ti tẹ́ pátápátá. Odindi fíláàsì ló gbà, kò sẹ́ni tó lè dá a mu tán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. O ti jókòó síbí ju wákàtí kan lọ kó o tó pè mí."

"Òùngbẹ gbẹ mí ni."

Zulma tọwọ́ bọ ojú ihò ìlù ńlá. Láàárín awọ rẹ̀ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì tí Chela fi ń dín ariwo rẹ̀ kù, ó fa téèpù jáde.

Ladislao jókòó wọ̀ọ̀. "Ọdún mẹ́jọ. Èmi ń kọ orin, òun ni wọ́n ń pariwo orúkọ ẹ̀. Mo kọ eléyìí fún ìyàwó mi, mo fi gìtá kọ ọ́ fún un nílé, ó ní ó dáa. Nígbà tí Evaristo kọ ọ́, ìyàwó mi sunkún. Mo ní bí téèpù bá sọnù, tí ọ̀fun ẹ̀ náà ti lọ, èmi ni wọ́n á ní kí n wá kọ ọ́."

"Kí ló dé tó ò fi dáná sun téèpù náà?" ni Zulma bi í.



"Ladi," ni Evaristo wí, "ṣé o gbọ́ téèpù náà láàárọ̀ yìí?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

Ladislao wo fíláàsì.

"Títí omi fi tán."