Àjẹ̀ Ọlámijùwọ́n

Lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn wa ń rùn bí òkun, mo kọ́kọ́ rò pé ẹja ni. Ṣùgbọ́n a ò se ẹja, òkun sì jìnnà sí ilé tí ìjọba kọ́ sí ẹ̀yìn Igbókòdá fún àwa tí omi lé kúrò ní Ayétòrò.

Nílé wa àtijọ́, ọkọ̀ ni àlejò ń wà wá. Àjẹ̀ tó fi wà á náà ni yóò fi lu òpó ilé. Ẹni tó bá gbọ́ ọ kì í béèrè pé ta ni. Yóò ṣílẹ̀kùn, yóò ní, "Ẹ wọlé." Ẹni tí ìgbì ti lù, ṣé ìbéèrè ló yẹ kí a fi pàdé rẹ̀? A gbé àṣà náà dé orí ilẹ̀ gbígbẹ, a wá ń fi àjẹ̀ lu ògiri.

Àṣà yẹn ló pa Ọlámijùwọ́n, ọmọ mi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbọ́ àjẹ̀ lára ògiri, ó ṣílẹ̀kùn. Gende mẹ́ta rọ́ wọlé pẹ̀lú àdá. Wọ́n ṣá a lórí, wọ́n ṣá ọwọ́ tó fi ń bo orí. Nítorí fóònù àti jẹnẹrétọ̀! Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ṣàn dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Wọn kì í ṣe ará wa. Ta ló wá kọ́ wọn bí a ṣe ń lu àjẹ̀?

Nígbà tí a fẹ́ sin ín, mo fi àjẹ̀ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Mo sọ sí i létí pé, "Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Àwọn tó ṣá ọ, àti ẹni tó kọ́ wọn, má dá ìkankan sí." Tẹ́ní, àbúrò rẹ̀, bú sẹ́kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni.

Kò pẹ́ tí wọ́n bá ọ̀kan nínú àwọn gende náà nínú yàrá rẹ̀, agbárí rẹ̀ fọ́, omi iyọ̀ bo ilẹ̀. Àwọn ará ilé ní àwọn gbọ́ ìró àjẹ̀. Èkejì tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta, Godspower, sá lọ sí Araromi, àjẹ̀ bá a níbẹ̀. Mi ò ní parọ́, mo jó.

Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ń rùn yẹn. Òjò ń rọ̀, àjẹ̀ dún lára ògiri tiwa.

Tẹ́ní dì mọ́ mi. Ohùn rẹ̀ kò ju afẹ́fẹ́ lọ. "Ìyá mi, èmi ni. Èmi ni mo kọ́ Godspower. Ó ní òun fẹ́ràn mi. Mo fẹ́ kó máa wọlé wá bí ọmọ ilé ni."

Mo tì í sínú yàrá rẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn iwájú.

"Ọlámi, mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Àbúrò rẹ ni. Òun nìkan ló kù mí kù. Jọ̀ọ́, máa lọ, ọmọ mi."

Omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó kan ẹsẹ̀ mi. Àjẹ̀ dákẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ó tún dún, lẹ́yìnkùlé, níbi tí ilẹ̀kùn yàrá Tẹ́ní wà. Kí n tó sáré débẹ̀, mo gbọ́ ohùn Tẹ́ní, jẹ́ẹ́jẹ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ láti kékeré:

"Ẹ wọlé."