Ẹyẹ Orí Ọ̀pá Àṣẹ

Ọlálérè, àrẹ̀mọ ọba ìlú kékeré kan lẹ́bàá Ìgèdè, jẹun alẹ́, ó bá ìyàwó rẹ̀ ṣàwàdà, ó sùn. Ilẹ̀ mọ́, kò jí. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó pa á.

Àárọ̀ yẹn kan náà ni wọ́n rí i pé ẹyẹ tí wọ́n gbẹ́ sórí ọ̀pá àṣẹ ọba ti pòórá. Yèyé Adédoyin, àbúrò bàbá ọba, ló ń tọ́jú ọ̀pá náà. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ìlú ti dájọ́: ìyá àgbà ti rán ẹyẹ rẹ̀ lọ pa ọmọ ọba jẹ.

"Ẹyẹ dà?" Kábíyèsí bi í níwájú àwọn ìjòyè.

"N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ìlú ni ẹyẹ yẹn dúró fún. Wọ́n fi sórí ọ̀pá kí ọba má baà gbàgbé pé bí kò bá sí wọn lẹ́yìn òun, igi lásán ló dì mú."

"Ẹ gbọ́!" Olóyè Akínlẹ́yẹ pariwo. "Ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́!"

Ọba gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ọ̀dọ́ ṣí òrùlé ilé ìyá náà, wọ́n lé e jáde. Bọ́sẹ̀, opó Ọlálérè, ń wò ó, kò sọ̀rọ̀. Yèyé forí lé ilé ọmọ rẹ̀ ní Òkè-Ìlá, l'Ádó.

Kò pẹ́ tí ara ọmọ Bọ́sẹ̀ fi gbóná. Wọ́n ní àjẹ́ náà tún ti dé. Wòlíì tó máa ń gbàdúrà fún wọn láàfin na ọwọ́ sí ọmọ náà: "Ẹ da oògùn tí ẹ ń fún un nù. Ààwẹ̀ ló kù."

"Má fọwọ́ kan ọmọ mi!" Bọ́sẹ̀ ké. "Ohun tí o sọ fún bàbá rẹ̀ nìyẹn tó fi kú!"

Ó sáré wọ yàrá, ó gbé ẹyẹ orí ọ̀pá náà jáde nínú aṣọ, ó gbé e síwájú ọba.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ṣe ọkọ mi, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Wòlíì yìí ní kó pa oògùn tì, kó gé ẹyẹ yìí kúrò lórí ọ̀pá, pé ẹyẹ náà ló ń dà á láàmú. Ọkọ mi sì ṣe méjèèjì."

"Kí ló dé tí o fi dákẹ́?" Ọba bi í.

"Ẹ̀rù bà mí, Kábíyèsí. Bí ẹ bá lè lé Yèyé tó jẹ́ ọmọ ọba, kí lẹ ò ní fi èmi ṣe?"

Wọ́n lẹ ẹyẹ náà padà. Akínlẹ́yẹ gbé ọ̀pá lọ sí Òkè-Ìlá, torí ibi tí ọ̀pá àṣẹ bá dé, ọba ló dé ibẹ̀. Ó bá Yèyé níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ìyá náà kúnlẹ̀.

"Yèyé, Kábíyèsí ní kí ẹ máa bọ̀ wálé. Wọ́n ti kan òrùlé yín padà."

"Àwọn tó di ọ̀pá yìí mú rí, tí wọ́n ti kú, ni mo kúnlẹ̀ fún. Ẹ sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé n kò kúnlẹ̀ fún òun. Mo ti ní ulé níhìn-ín."

Ó dìde, ó gbé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Akínlẹ́yẹ dúró nínú oòrùn pẹ̀lú ọ̀pá ọba lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́kadà ń kọjá lọ, kò sẹ́ni tó dọ̀bálẹ̀.