Fáànù Tí Usamah Kò Rà

Ọjọ́ tí Usamah kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Alájà Bùsírátù ní Kemta, iye tí wọ́n ń ta fáànù oníbátìrì ló bi Ummulkulthum, ọmọ Alájà.

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ni."

Ó dúpẹ́, kò rà á. Sátidé kejì, ó tún dé, ó tún bi í. Láàárín ọ̀sẹ̀, Èkó ni iṣẹ́ ń gbé e lọ láti ilé rẹ̀ ní Ìgbẹ̀ìn. Sátidé nìkan ló ní fún ara rẹ̀, Kemta ló sì ń ná an sí. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, Ummulkulthum ti ń lé tìróò ní gbogbo Sátidé. Ó fẹ́ràn ọmọkùnrin náà gan-an, kò kàn tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ni.

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì, Alájà ní kí ó kọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin sára fáànù, kí ó fagi lé e, kí ó wá kọ ọgọ́ta sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀dínwó ọdún. Àwọn oníbàárà ya wọlé.

Usamah náà dé, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára fáànù.

"Alájà, ẹ má bínú o. Ìgbà wo ni fáànù yìí jẹ́ ọgọ́rin? Àádọ́ta ni lóṣù tó kọjá."

Obìnrin kan gbé fáànù tó ti mú sílẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ọmọ yín ni. Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá tó sọ ọ́ fún mi."

"Ẹ̀ẹ̀mẹwàá? Fáànù lò ń wá wò ni, àbí kí ni?" Alájà yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ummu, ṣé òótọ́ ló ń sọ?"

Ẹ̀rù ba Ummulkulthum. Bó bá purọ́, Usamah lọ nìyẹn. Bó bá sọ òótọ́, ìyá wo ló máa fọmọ fún ẹni tó dójú tì í lọ́jà?

"Òótọ́ ni, Màámi. A ò tà á ní ọgọ́rin rí. Ṣùgbọ́n ìwọ náà gbọ́, Usamah. Níbi tá a ti ń kó o, márùndínláàádọ́rin ni wọ́n ń pè é báyìí. Tá a bá ta èyí ní ọgọ́ta, owó ẹ̀ ò lè ra òmíràn."

"Mi ò mọ̀," ni Usamah wí.

Ummulkulthum pa ọgọ́rin rẹ́. Obìnrin yẹn tún gbé fáànù, ó sì ná an dé méjìdínlọ́gọ́ta.

Nígbà tí Alájà kí ìrun Alásárì tán, ó jáde. Usamah ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ti wá mọ̀ pé torí ọmọ mi lo ṣe ń wá. Ẹni tó lè sọ òótọ́ fún mi lójú oníbàárà, bóyá kò ní máa purọ́ fún ọmọ mi nílé. Àmọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi ò ní gbà. Wọ́n á ní ẹni tó bà mí lọ́jà jẹ́ ni mo fẹ́ fún lọ́mọ. Sọ fún àwọn èèyàn ẹ kí wọ́n tètè wá, kí n tó gbọ́ ti àwọn ẹ̀gbọ́n mi."

Ọjọ́ kejì ni àwọn èèyàn Usamah dé.